Ọ̀wẹ̀ Kò Lè Tẹ Ìwé: Ṣómólú, Ètò Kọ̀ǹpútà, àti Iṣẹ́ Ọlọ́wọ́ Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti béèrè lọ́wọ́ mi pé: ǹjẹ́ àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kankan fún ọ̀nà tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn sọ́fítíwià, tàbí àìrídìmú gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń pè é, ń gbà ṣiṣẹ́ pọ̀? Mo dá a lóhùn wàràwàrà pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀wẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ fi òwe kún un pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ náà dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé mo ti ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbaníkòró.

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Ọbaníkòró wà, láàrin Palmgrove àti Anthony. Orúkọ oyè ni. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àwọn ìjòyè onífìlà funfun ti Èkó pín sí: Akárígbére, Ìdẹ́jọ, Ògáládé àti Àbàgbọ́n. Àwọn Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀. Àwọn Àbàgbọ́n ni ọ̀rọ̀ ogun wà lọ́wọ́ wọn láyé àtijọ́. Ọbaníkòró sì ni olórí àwọn Ògáládé, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìsìn àti ìṣègùn jẹ́ tiwọn. Ọ̀wọ́ kan kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ìlú kò sì lè dá ọ̀kan sí kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Mo kàn fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni o. Ibi tí mò ń mú yín lọ wà níwájú díẹ̀.

Bí ènìyàn bá kẹ́yìn sí ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó doríkọ inú Ṣómólú lọ sí ìhà Bajulaiye, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀rọ ń ké gbì-gbà, gbì-gbà nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń dá a lóhùn níta. Lẹ́yìn etí ni imú: òórùn íǹkì àti ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé risíìtì, àlẹ̀mógiri àwọn olóṣèlú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo Èkó, bí o bá sọ pé o fẹ́ tẹ nǹkan, ohun tí wọn yóò sọ fún ọ ni pé, "Lọ sí Ṣómólú."

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń tẹ ìwé ní Ṣómólú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí kọ̀ǹpútà wà, pẹ̀lú CorelDRAW rẹ̀. Òun kò ní ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣe pléètì wà ní òpópónà kejì. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ aláwọ̀, pléètì mẹ́rin ni yóò ṣe: ti búlúù, ti pupa, ti yẹ́lò àti ti dúdú. Ẹni tó ń ta bébà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń gé e wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ Kord tàbí GTO, ẹ̀rọ Jámánì tí ó dé bí tòkúnbọ̀, yóò gba pléètì àti bébà, yóò tẹ̀ ẹ́, kò sì ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ni yóò fi ọ̀rá bo èèpo ìwé, ẹlòmíràn ni yóò ká a, ẹlòmíràn ni yóò fi wáyà rán an, ẹlòmíràn ni yóò rẹ́ etí rẹ̀ kí ó lè gún. Láàrin gbogbo wọn ni àwọn ọmọ tí ń ru bébà lórí wà, tí wọ́n ń sáré kọjá láàrin ọ̀kadà.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ìwọ̀n ìka kan ṣìnà, ẹni tó wà níwájú ni yóò jìyà rẹ̀. Bí pléètì mẹ́rin kò bá jókòó síra wọn déédéé, ìyàwó inú káàdì yóò ní ètè méjì. Bí ẹni tó ń gé bébà bá gé e kéré jù, ẹni tó ń rẹ́ etí kò ní rí ibi tí yóò rẹ́. Ní òdì-kejì ọ̀nà Ìkòròdú, ní Ìlúpéjú, ilé-iṣẹ́ bíi Academy Press tí a dá sílẹ̀ ní 1964 ń ṣe gbogbo èyí lábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú ọ̀gá tó mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ní Ṣómólú, kò sí ọ̀gá. Alágbàtà ló wà, ìyẹn ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tí ó sì ń gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wà lórí alágbàtà nìkan ni ètò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ní 2007, ìyá àgbà mi papòdà. Ẹbí ní kí n kọ oríkì ìdílé wa sílẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú, nítorí èmi ni wọ́n gbà pé mo gbọ́ Yorùbá jùlọ nínú àwọn ọmọ ọmọ. Ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 48 ni, ẹ̀dà 300. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé, ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í tẹ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abala bébà ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀, tí ojú-ewé 8 wà níwájú rẹ̀ tí 8 wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá wò ó kí wọ́n tó ká a, ojú-ewé 1 ni yóò bá 16 jókòó pọ̀, àwọn kan yóò sì dorí kodò. Nígbà tí a bá ká a ni wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé mi jẹ́ abala mẹ́ta: 1 sí 16, 17 sí 32, 33 sí 48.

Ọjọ́ ń lọ. Alágbàtà mi, ọmọlúàbí ènìyàn, ní kí a pín iṣẹ́ náà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ méjì kí ó lè yá. Abala kejì àti ìkẹta lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Abala kìíní ń dúró de ẹ̀rọ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí lórí fóònù: mo ti gbàgbé ìlà mẹ́rin nínú oríkì ìyá ìyá wọn, ìyẹn ní ojú-ewé 15. Mo sáré lọ bá ẹni tó ń to ọ̀rọ̀. Ó fi ìlà mẹ́rin náà sí i, ó gbé e sórí fúláàṣì, wọ́n ṣe pléètì tuntun fún abala kìíní, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn pé mo tètè rí i.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó wọlé sí ojú-ewé 15 ti ìlà mẹ́rin mìíràn jáde ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé 16. Orí ojú-ewé 17 ni wọ́n bọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ojú-ewé 17 tí a tẹ̀ ní alẹ́ àná kò mọ̀ wọ́n. Kò sí níbi tí wọ́n wà mọ́ nínú ẹ̀dà 300.

Ní ọjọ́ àìsùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ka ìwé náà sókè. Àbúrò ìyá àgbà wa, arúgbó tí kò mọ̀wé, jókòó tì í, ó ń pe oríkì náà tẹ̀lé e láti inú ara rẹ̀. Òǹkàwé dé ìsàlẹ̀ ojú-ewé 16, ó ṣí i, ó ń bá a lọ. Màmá dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ dúró. Ẹ ti fo bàbá wa." Ìlà mẹ́rin tó sọnù yẹn ni àwọn tó dárúkọ bàbá tó bí àwọn méjèèjì.

Mo padà sí Ṣómólú ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìbínú, mo ń wá ẹni tí màá bá jà. N kò rí. Ẹni tó to ọ̀rọ̀ ṣe ohun tí mo ní kí ó ṣe. Ẹni tó ṣe pléètì ṣe ohun tó wà lórí fúláàṣì. Àwọn atẹ̀wé méjèèjì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, íǹkì náà mọ́ kedere. Alágbàtà kò gbọ́ Yorùbá, oríkì kò yé e. Olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ bó ti yẹ, ìwé sì bàjẹ́.

Kì í ṣe ohun tuntun nínú ìtàn ìwé Yorùbá pé kí iṣẹ́ ẹnì kan so mọ́ ti ẹlòmíràn báyìí. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta ní 1854, Ìwé Ìròhìn sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859. Abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, nítorí náà ẹ̀rù irú àṣìṣe tèmi kò pọ̀. Bíbélì ni iṣẹ́ tó le. Samuel Àjàyí Crowther, Thomas King àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, apá kan rẹ̀ jáde ní 1850, odindi rẹ̀ kò sì parí títí di 1884. Ẹ ro ó wò: bí ẹni tó tú Ìwé Róòmù bá yan ọ̀rọ̀ kan fún "oore-ọ̀fẹ́", ó ti so okùn mọ́ ọwọ́ gbogbo ẹni tí yóò tú ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1875, àwọn òjíṣẹ́ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa ka ìpàdé yẹn sí ọ̀rọ̀ àmì àti lẹ́tà lásán. Lójú tèmi, àdéhùn iṣẹ́ ni: kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Èkó lè kọ̀wé láìrí ara wọn, kí ohun tí wọ́n kọ sì bára mu nígbà tí ó bá pàdé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ ńkọ́? Àgbẹ̀ tí iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀, tàbí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, ni í bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀. Wọn á wá, wọn á ṣe é lọ́jọ́ kan, ọlọ́wẹ̀ á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀. Ti àárò yàtọ̀: àwọn ẹgbẹ́ ló ń ṣe é fún ara wọn, lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ. Méjèèjì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n wà fún. Bí ebè 200 bá wà láti kọ, ènìyàn 20 yóò kọ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ebè tèmi kò ní kí o yí tìrẹ padà. Bí mo bá kọ tèmi wọ́, kò kan tìrẹ. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yóò ṣe yá tó.

Ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Brooks, fi ojú ara rẹ̀ rí òdì-kejì rẹ̀. Òun ni IBM fi ṣe olórí iṣẹ́ OS/360, ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan láàrin ọdún 1960 sí 1969, èyí tó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn àti owó tí ó sì pẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, tó jáde ní 1975, ó ṣàlàyé pé bí o bá fi ènìyàn kún iṣẹ́ sọ́fítíwià tó ti pẹ́, ńṣe ni yóò tún pẹ́ sí i. Ìdí kan ni pé ẹni tuntun kò lè ṣiṣẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ má dúró kọ́ ọ. Ìdí kejì jẹ́ ìṣirò: bí ènìyàn 5 bá ní láti máa gbọ́ ara wọn yé, ọ̀nà ọ̀rọ̀ 10 ló wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá di 10, ọ̀nà náà di 45. Bí wọ́n bá di 20, 190. Ènìyàn 50 yóò ní 1,225. Nígbà tí mo ka èyí, alágbàtà mi ni mo rántí, tí ó fi ẹ̀rọ kan kún un kí ó lè yá.

Ní ọjọ́ 7 sí 11 oṣù Kẹwàá 1968, NATO pe àwọn onímọ̀ jọ sí Garmisch ní Jámánì nítorí wàhálà yìí kan náà. Kọ̀ǹpútà ń lágbára sí i, ètò tí wọ́n ń kọ fún un ń tóbi sí i, iṣẹ́ sì ń pẹ́, ó ń bàjẹ́. Ìpàdé yẹn ni orúkọ "software engineering" ti gbilẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Melvin Conway tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó sọ pé ohunkóhun tí àwùjọ kan bá ṣe yóò jọ bí àwùjọ náà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo mú ìwé oríkì wa jáde, mo tún un wò. Bébà abala kìíní funfun ju ti ìyókù lọ díẹ̀. Ibi tí ìwé náà ti já gan-an ni ibi tí ṣọ́ọ̀bù méjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1972, David Parnas dábàá pé kí a pín iṣẹ́ sí abala tí abala kọ̀ọ̀kan yóò fi ìpinnu inú rẹ̀ pamọ́, kí ó má fi han abala kejì ju ibi tí wọ́n ti pàdé lọ. Ẹ ó rí i pé Ṣómólú ti mọ apá kan èyí: ẹni tó ń ṣe pléètì kò ní láti mọ ẹni tó kú, ìwọ̀n pléètì tí ẹ̀rọ Kord ń gbà nìkan ni yóò bi ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ọbaníkòró rárá. Ilé-iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwià, ó sì ń so wọ́n mọ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Fún ìgbà kan, nọ́ńbà 235 ọ̀nà Ìkòròdú, ní ìhà Ìlúpéjú, ni ọ́fíìsì wọn kan wà. Ní 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ kó owó lé wọn lórí, wọ́n darí owó tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24 dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n dá iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Uganda, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọn tó ti dàgbà nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún márùn-ún yẹn, ọmọ tó sùn ní Bàrígà lè jí, kí ó wọ danfo, kí ó sì jókòó ti iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ní alẹ́ àná ní New York, níbi tí aago ti fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà pẹ́ ju tiwa lọ.

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo bi nípa Git. Git ni irinṣẹ́ tí Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ṣe ní oṣù Kẹrin 2005, nígbà tí wọ́n gba àṣẹ ọ̀fẹ́ irinṣẹ́ mìíràn, BitKeeper, kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ Linux. Olúkúlùkù ní odindi ẹ̀dà iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Gbogbo àtúnṣe ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́, àti ìdí. Bí ẹni méjì bá yí ìlà kan náà padà, Git yóò dúró, yóò béèrè èwo ni kí ó mú. Mo sọ ìtàn ìwé oríkì wa fún un, mo ní ká ní Git wà lọ́wọ́ mi ní 2007 ni.

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Git nìkan kò ní gbà yín. Ẹni méjì kò yí ìlà kan náà padà. Ìlà tuntun wọlé ní ojú-ewé 15, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ojú-ewé 17. Git ò bá wò yín níran ni."

Mo ní, "Kí ni à bá ṣe nígbà náà?"

"Ẹ ti tẹ ẹ̀dà méjì pọ̀, ẹ wá rán wọn mọ́ra bí ọ̀kan. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í jẹ́ kí abala kan jáde láti inú ẹ̀dà àná kí èkejì jáde láti inú tòní. A ó fún ẹ̀dà kan lórúkọ, inú òun nìkan ni a ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan nǹkan lẹ́yìn ìyẹn, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ lákọ̀tun. Ẹ̀rọ yóò sì dán an wò kí ó tó jáde, bóyá ojú-ewé 16 bá 17 mu."

"Ta ni yóò dán oríkì wò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá yẹn. Ẹ ò bá ti pè wọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

Ní 2012, a ṣe ìrántí ọdún márùn-ún, mo sì padà sí Ṣómólú láti tún ìwé náà tẹ̀. Màmá ti lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn nígbà náà. Atẹ̀wé àgbàlagbà kan ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi láìsí alágbàtà. Kò tí ì gbọ́ orúkọ Brooks rí. Ó mú bébà mẹ́ta, ó ká a, ó fi bíírò kọ nọ́ńbà sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 48, èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́mì. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde láti inú kọ̀ǹpútà, kí n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì fọwọ́ sí gbogbo ojú-ewé. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, bí ọba pe mí n kò ní yí kọ́mà padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí i, a ó ya èyí, a ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Ẹ̀dà tí mo fọwọ́ sí yẹn ló tẹ̀lé iṣẹ́ náà kiri: ó wà ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe pléètì, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó wà lórí tábìlì àwọn tó ń ká a, tí wọ́n ń fi wé e. Ìlà mẹ́rin náà wà ní orí ojú-ewé 17, bàbá wọn sì wà níbẹ̀. Àmì ohùn kan ṣáko ní ojú-ewé 31, tó sọ orúkọ ẹni di nǹkan mìíràn. Mo sáré mú ẹ̀dà tí mo fọwọ́ sí. Àṣìṣe náà wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí mi sì wà ní abẹ́ rẹ̀.